Wọ́n Tún Ti Gbé Pòtétò Ka Iná

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo fíìmù tí a kì í gbọ́ èdè ẹ̀, tí kì í tán bọ̀rọ̀, tí ìmí ẹ̀dùn máa ń pọ̀ nínú ẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ sì kú ẹnu. Torí ká sòótọ́, ẹnu yín la máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó gbọ́ nípa fíìmù. Ẹnì kan á jókòó jẹ́jẹ́ ẹ̀ níbi ìkómọ, á máa jẹ ìrẹsì ẹ̀, á ní òun wo fíìmù Yorùbá kan lánàá, ó dùn mọ́ òun. Ẹ̀yin á rọra gbé ife sílẹ̀, ẹ ó mí kanlẹ̀, ẹ ó ní: "Ṣé o ti wo Béla Tarr rí?" Ọkùnrin yẹn ò mọ̀ bóyá oúnjẹ ni, ò mọ̀ bóyá oògùn ibà ni. Ìrẹsì á há a lọ́fun.

Mo mọ̀ yín. Mo mọ àwọn tó wà láàrin yín tí oorun ti gbé lọ kí fíìmù tó pé ogún ìṣẹ́jú, tí wọ́n jí nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré ń kọjá lọ sókè, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mirí: "Iṣẹ́ ńlá." Iṣẹ́ ńlá ni lóòótọ́. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sùn ún.

Ẹ jẹ́ ká tibi bàbá ìsàlẹ̀ yín bẹ̀rẹ̀, Béla Tarr ará Hungary. Lọ́dún 1994 ló gbé Sátántangó jáde, fíìmù tó lé ní wákàtí 7. Inú ìwé tí László Krasznahorkai kọ ní 1985 ló ti mú un, ọkùnrin tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ti lítíréṣọ̀ ní 2025. Fíìmù bẹ̀rẹ̀, ẹ ń retí èèyàn. Màlúù ló jáde. Màlúù dúró nínú ẹrẹ̀, ó wọ̀tún, ó wòsì, ọ̀kan fẹ́ gun èkejì, wọ́n wá rọra gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, kámẹ́rà sì ń bá wọn lọ. Ó tó ìṣẹ́jú 7 kí wọ́n tó kọjá tán, ẹnikẹ́ni ò tíì la ẹnu. Ẹ̀yin onísùúrù lẹ ń rí ìbànújẹ́ ayé nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó jókòó tì yín ti ń díye lé wọn: "Èyí tó wà níwájú yẹn, tó bá jẹ́ ìgbà Iléyá..."

Susan Sontag, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tó gbajúmọ̀ gan-an, sọ pé inú òun á máa dùn láti wo fíìmù yìí lọ́dọọdún títí ọjọ́ ayé òun. Wákàtí méje, lọ́dọọdún! Àwa tí a ò tíì wo fídíò ìgbéyàwó tiwa parí.

Síbẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Dókítà kan wà nínú fíìmù náà, ọ̀mùtí, tó ń jókòó sídìí fèrèsé, tó ń ṣọ́ gbogbo àdúgbò, tó sì ń kọ ohun tó bá rí sínú ìwé. (Gbogbo àdúgbò ló ní tiẹ̀. Tiwa kì í kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ó máa ń sọ ọ́ níta.) A bá a jókòó pẹ́, pẹ́ débi pé àga tiwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í dunni nídìí. Nígbà tí ọtí ẹ̀ wá tán, tó di dandan kó jáde sínú òjò lóru lọ wá òmíràn, òun ló ń rìn, èmi tí mo jókòó sínú yàrá ló ń mí hẹlẹhẹlẹ. Fíìmù tó ń sáré ò lè ṣe ìyẹn fún èèyàn. Á kàn gé e: ọtí tán, ọtí dé.

Ohun tí mi ò tíì rí ẹni ṣàlàyé ẹ̀ fún mi ni ọ̀rọ̀ pòtétò. Kí ló wà láàrin àwọn olùdarí yín àti pòtétò? Ní 2011, Tarr kan náà ṣe The Turin Horse: bàbá kan, ọmọ ẹ̀ obìnrin, ẹṣin kan tí ayé ti sú, àti ìjì tí kì í dákẹ́. Ìṣẹ́jú 146 ni, ibi tí kámẹ́rà sì ti gé kò ju nǹkan bí 30 lọ. Lójoojúmọ́, ọmọ á bọ pòtétò méjì, ti bàbá kan, tiẹ̀ kan. Apá bàbá kan ò ṣiṣẹ́, ọwọ́ kan ló fi ń bó o, ó gbóná, ó ń jó o, kò dúró. Kò sí ọbẹ̀. Kò sí ẹja. Ọjọ́ kìíní, pòtétò. Ọjọ́ kejì, wọ́n tún ti gbé pòtétò ka iná. Ẹ bá mi wá ìyá Yorùbá kan tó lè wo èyí láì dìde lọ wá ẹ̀fọ́ fún wọn.

Mo bú Tarr títí dé ọjọ́ kẹfà. Lọ́jọ́ kẹfà, kànga ti gbẹ, iná ò ràn mọ́, pòtétò tútù ló wà níwájú wọn, bàbá sì ń sọ fún ọmọ pé kó jẹun, pé dandan ni. Nígbà náà ni mo rí i pé pòtétò tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ ni gbogbo ohun tí àwọn èèyàn yìí ní. Ẹnu mi pa dé. Tarr ò bẹ̀ mí, kò kọrin ìbànújẹ́ sí mi létí. Ó kàn jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi rojọ́ oúnjẹ náà tó, kó tó gba iná lábẹ́ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n pòtétò tó lé gbogbo pòtétò wà ní Brussels. Chantal Akerman, ọmọ ilẹ̀ Belgium, tí kò tíì ju ẹni ọdún 25 lọ, ló gbé e jáde ní 1975. Orúkọ fíìmù náà: Jeanne Dielman, 23, quai du Commerce, 1080 Bruxelles. Orúkọ obìnrin, nọ́ńbà ilé, àdúgbò, kóòdù ìfìwéránṣẹ́, ìlú. Ohun tó kù kò ju nọ́ńbà fóònù lọ. Kí ẹnì kankan má wá sọ fún mi pé òun ò mọ ibi tí fíìmù yẹn ń lọ. Àdírẹ́sì wà lára ẹ̀.

Ìṣẹ́jú 201 ló gbà. Opó ni Jeanne, Delphine Seyrig ló ṣe é, ó ń dá tọ́ ọmọ ẹ̀ ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la bá a gbé. Ó ń tẹ́ ibùsùn, ó ń fọ abọ́, ó ń nu bàtà ọmọ, ó ń bó pòtétò. Bó bá ti ń jáde ní yàrá kan, á pa iná. Á wọ yàrá kejì, á tan iná, á ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, á pa iná. Ẹ̀yin bàbá ilé gbogbo, fíìmù kan ṣoṣo rèé láyé yìí tí ẹnì kan ti ń pa iná nígbàkígbà tó bá jáde ní yàrá, tí kò sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ pariwo mọ́ ọn. Àwọn ọmọ yín ló sì yẹ kí wọ́n wò ó, àwọn ni wọn ò fẹ́ wò ó.

Bó bá di ọ̀sán, ọkùnrin kan á kanlẹ̀kùn. Ọkùnrin ọ̀tọ̀ lójoojúmọ́. Wọn á wọ yàrá, ilẹ̀kùn á tì, ọkùnrin á jáde, á sanwó, Jeanne á ju owó sínú abọ́ ọlọ́mọrí tó wà lórí tábìlì ìjẹun. Kámẹ́rà tó ti fi gbogbo ara wo bí wọ́n ṣe ń bó pòtétò láìyẹjú, nígbà tó kan ibi tí ẹ̀yin ọkùnrin ti ń na ọrùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dúró sí. Mo gbóṣùbà fún Akerman níbẹ̀ yẹn. Ìyà tó tọ́ sí yín gan-an ló fi jẹ yín.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀ràn dé. Àlejò ọ̀sán lọ tán, Jeanne dé ìdí iná, pòtétò ti jinná jù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú fíìmù míì, ilé á ti jó, ọkọ̀ méjì á ti fò sódò. Níbí, pòtétò ló rọ̀ jù, àyà mi sì ń lù kìkìkì. Ó gbé ìkòkò, ó gbé e lọ bálùwẹ̀, ó gbé e padà, kò mọ ibi tó máa dà á sí. Mo ti dìde lórí àga. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gún un, kó po bọ́tà mọ́ ọn, ọmọ yẹn ò ní mọ̀. Kò gbọ́. Ó da gbogbo ẹ̀ nù, ó wọ kóòtù, ó jáde lọ ra òmíràn, ó tún jókòó, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, oúnjẹ alẹ́ sì pẹ́.

Bí wọ́n bá ní ẹ wá wo ibẹ̀ yẹn nìkan, ẹ ó ní kí ló dé, pòtétò ló jinná jù, ṣé wọ́n pa ẹ ni. Ohun tí Akerman ti fi wákàtí méjì ṣe ni pé ó ti kọ́ yín bí ilé yẹn ṣe ń lọ, láìsọ pé òun ń kọ́ yín. Ẹ ti mọ ibi tí ọṣẹ wà. Ẹ ti mọ ìgbà tí omi máa hó. Ẹ ti di ìyá ọkọ obìnrin yìí láìmọ̀, nítorí náà bí ohun kékeré kan bá yẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí i. Ọmọrí abọ́ owó tó ṣí sílẹ̀. Bọ́tìnnì tó jábọ́ lára kóòtù. Kọfí tí kò dùn lẹ́nu. Ibi tó máa ń jókòó sí nílé kọfí tí ẹlòmíì ti jókòó sí. Lọ́jọ́ kẹta, àlùmọ́gàjí kan wà lórí tábìlì yàrá, ohun tó sì fi ṣe, èmi kọ́ ni ẹ ó ti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó lọ jókòó.

Ìwé ìròyìn Sight and Sound ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń bi àwọn onímọ̀ fíìmù léèrè, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá láti 1952, èwo ni fíìmù tó dára jù láyé. Citizen Kane jókòó sórí àga yẹn láti 1962 títí di 2012, kí Vertigo ti Hitchcock tó gbà á. Ní 2022, àwọn tó lé ní 1,600 dìbò, ẹni tó wọlé ni Jeanne tòun ti ìkòkò ẹ̀. Fíìmù àkọ́kọ́ tí obìnrin darí tó débẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin kan fárígá. Wọ́n ní ìbòkíbò ni, wọ́n ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, báwo ni obìnrin tó ń bó pòtétò á ṣe borí gbogbo ayé? Àwọn kan náà tí wọ́n fi ogún ọdún jẹ pòtétò ìyá wọn láìgbójú sókè wo ẹni tó bó o.

Ẹ jẹ́ ká fi oúnjẹ sílẹ̀ díẹ̀. Ryusuke Hamaguchi ará Jàpáànì ò tilẹ̀ fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé fíìmù ti bẹ̀rẹ̀. Nínú Drive My Car, tó gba Oscar ní 2022, ìyàwó ti dalẹ̀ ọkọ, ọkọ ti mọ̀, kò sọ, ìyàwó ti kú, wọ́n ti sin ín, bí ogójì ìṣẹ́jú ti kọjá, kí orúkọ àwọn òṣèré tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹni tó bá pẹ́ dé ilé sinimá ò tíì pàdánù ìbẹ̀rẹ̀. Olùdarí tó gba tiwa rò nípa aago, kí Ọlọ́run bá wa dá a sí.

Tarkovsky ará Rọ́ṣíà ńkọ́? Nínú Nostalghia, 1983, ọkùnrin kan gbọ́dọ̀ gbé àbẹ́là tó ń jó la ibi ìwẹ̀ gbígbẹ kan já ní Italy, láìjẹ́ kó kú. Ó kú. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un tàn. Ó tún kú. Ó tún padà. Ó tó ìṣẹ́jú 9 láìgé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní àdúrà nìyẹn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, gbogbo ẹni tó ti gbé àbẹ́là láti pálọ̀ lọ sí ilé ìdáná nígbà tí wọ́n mú iná lọ ti ṣe fíìmù yẹn rí, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ tí atẹ́gùn ń wọlé, ọmọ sì ń sáré bọ̀ níwájú. Wọn ò pe ẹnì kankan nínú wa sí àjọ̀dún fíìmù Cannes.

Ẹ̀yin tó kù tí ẹ ń rẹ́rìn-ín látẹ̀yìn, ẹ̀yin tí ẹ ní irú fíìmù báyìí ò sí nínú tiyín, ẹ dúró ná. Ẹ ní ó gùn jù. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sínú gò-síló láti Ọjọ́ọ̀ta dé Lekki, tí ẹ ń wo ìdí tírélà kan ṣoṣo fún wákàtí mẹ́ta, tí tírélà yẹn ò sì sọ ìtàn kankan fún yín! Ẹ ní ẹ ò lè máa ka ọ̀rọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ kí ẹ tún máa wòran. Ẹ̀yin kan náà ni mò ń rí tí ẹ ń ka WhatsApp, tí ẹ ń dáhùn, tí ẹ sì ń wakọ̀. Àwọn ìyá yín wo fíìmù Íńdíà láìgbọ́ "wá" láìgbọ́ "lọ" nínú ẹ̀, wọ́n sunkún débi tí gèlè fi tú. Ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà, ẹ̀yin fúnra yín fi oṣù gbáko retí Apá Kejì. Àwọn kan ti wá ń fi kún ìrìn fíìmù nísinsìnyí lórí fóònù, wọ́n ń wò ó ní ìlọ́po méjì. Mo fẹ́ rí bí màlúù Tarr ṣe máa sáré.

Ẹni tó sọ gbogbo yín di ọmọdé lójú mi ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bìgì Mọ́mì. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà, òwò aṣọ ni wọ́n fi tọ́ ọmọ. Wọ́n wá kí mi, wọ́n bá mi nídìí Tokyo Story tí Yasujirō Ozu ṣe ní 1953. Dúdú àti funfun, ìṣẹ́jú 136, èdè Jàpáànì. Wọn ò mú awò ojú wọn dání, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ò kàn wọ́n. Mo ní oorun ló máa gbé wọn.

Wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n rí bí Ozu ṣe gbé kámẹ́rà nísàlẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹní tí àwọn àgbà jókòó lé. Wọ́n ní, "Ẹni tó ya èyí ní ẹ̀kọ́ ilé. Kò dúró bá àgbà sọ̀rọ̀." Mo ti ka oríṣiríṣi àlàyé àwọn ọ̀mọ̀wé lórí kámẹ́rà yẹn, mi ò ka èyí rí.

Ìtàn ẹ̀ ò le. Bàbá àti ìyá arúgbó kúrò ní Onomichi, wọ́n wá kí àwọn ọmọ ní Tokyo. Ọmọ kan jẹ́ dókítà, kò ráyè. Ọmọ obìnrin, Shige, ń ṣe irun, kò ráyè, kò sì fẹ́ kí ọkọ òun fi àkàrà olówó gọbọi ṣe wọ́n lálejò. Oníbàárà kan bi í pé ta ni àwọn àgbà yìí. Ó ní ojúlùmọ̀ láti ìgbèríko ni. Mi ò tíì túmọ̀ ẹ̀ tán tí Bìgì Mọ́mì fi nà sókè. "Ojúlùmọ̀ kẹ̀? Ẹni tó rù ú lóṣù mẹ́sàn-án?" Wọ́n wẹ Shige, wọ́n fi ọṣẹ sí i, wọ́n ṣàn án nù, wọ́n wá yíjú sí mi: "Ọmọ tèmi ò lè dánwò." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Kí ilé lè fúyẹ́, àwọn ọmọ dáwó jọ, wọ́n kó àwọn àgbà lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Atami, létí òkun, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń pariwo mọ́jú. Lówùúrọ̀, ìyá fẹ́ dìde, òyì kọ́ ọ, ó fọwọ́ tẹlẹ̀, ó dìde. Kò pẹ́ rárá, wọn ò fi orin sí i. Àwọn onísùúrù bíi yín tí mo ti bá wò ó ń tẹ fóònù nígbà yẹn. Bìgì Mọ́mì ní, "Ìyá yẹn ò ní pẹ́ kú." Mo ní, Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀. Wọ́n ní àwọn fara balẹ̀, ni àwọn ṣe rí i.

Ẹni tó tọ́jú wọn ni Noriko, ìyàwó ọmọ wọn tó kú sógun láti ọdún mẹ́jọ. Kì í ṣe ọmọ wọn. Ó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ kó lè mú wọn wo ìlú, ó sì lọ tọrọ ọtí lọ́wọ́ aládùúgbò kó lè rí nǹkan gbé fún bàbá ọkọ. Ìyá padà sílé, ó kú lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n ní ara ẹ̀ ò yá, Shige ti di aṣọ ọ̀fọ̀ mọ́ ẹrù kó tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n sin ín tán, wọ́n ń jẹun, Shige ti ń béèrè aṣọ ìyá ẹ̀. Bàbá wá mú aago ìyá, ó fún Noriko.

Bìgì Mọ́mì bi mí pé ọmọ mélòó ni ẹni tó ṣe fíìmù yìí bí. Mo ní kò bí, kò tilẹ̀ gbéyàwó, ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ló ń gbé títí ìyá fi kú ní 1962, òun náà sì kú ní 1963. Wọ́n rò ó lọ, wọ́n rò ó bọ̀. "Abájọ. Ìyá ẹ̀ ló ń rojọ́ àwọn tó kù fún un."

Wọ́n ní kí n bá wọn tẹ nọ́ńbà ìyàwó ọmọ wọn tó wà ní Manchester. Ẹ̀rù ba ọmọ ọlọ́mọ. "Mọ́mì, ṣé kò sí o?" Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Aago wúrà àwọn, òun ni àwọn fún. Ó dàárọ̀.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí ọmọ wọn obìnrin fi pè mí láti Dublin. Kò kí mi.

"Fíìmù wo lo gbé fún màmá mi wò?"

Mo ní fíìmù Jàpáànì kan ni, ti àtijọ́, kì í yára.

"Kí ló wá kan aago níbẹ̀?"

Mo ṣàlàyé fún un, mo rọra fo Shige.

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Aṣọ òkè wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti sọ ẹni tí wọ́n máa fún?"